Kẹ̀kẹ́ Kò Dúró De Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yìn ni àwọn awakọ̀ Máíkírà ti máa ń kọ́kọ́ rí mi, ẹ̀yìn náà ni wọ́n sì ti máa ń kọ́kọ́ bú mi. "Ìwọ oníkẹ̀kẹ́ yìí, ṣé o fẹ́ kú ni?" Akoto tí mo dé ti bo ewú mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ju ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ lọ, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọdé tàbí tálákà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá bá mi dọ́gba, tí ó yíjú, tí ó rí irùngbọ̀n funfun, gbólóhùn rẹ̀ kì í tí ì tán lẹ́nu rẹ̀ tí arọ́pò-orúkọ inú rẹ̀ fi ń yí padà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa rọra." Láàrin òpó iná mẹ́ta, mo ti kúrò ní "o", mo ti di "ẹ". Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi èébú sílẹ̀, wọ́n kàn ń wọ aṣọ ọ̀wọ̀ fún un ni: "Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?" Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà kí n tó gbọ́ bí ẹnu ṣe ń ṣe é nígbà tí ọjọ́ orí ẹni tí a ń bá wí kò tí ì dáni lójú.

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Mọ́kọ́lá ni mo ti ń gbéra. Mo ń gba Sáńgo, mo ń kọjá níwájú Pólì àti Sàmọ́ńdà, títí n ó fi dé ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ìlú olókè ni Ìbàdàn, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni rántí ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n ń la títì náà. Ọkọ̀ ni ó ni àárín, gọ́tà ni ó ni ẹ̀gbẹ́, èmi sì ni mo ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Dókítà ni ó kọ́kọ́ ní kí n máa mi ara. Àwọn ojúlùmọ̀ mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà dáadáa, àwọn mìíràn sì káàánú mi, wọ́n rò pé gbèsè ni mo jẹ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹ́ńtírò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹlẹ́yà náà dáwọ́ dúró fún nǹkan bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà ó padà.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ẹni ńlá ni oníkẹ̀kẹ́. Tíṣà, katikíìsì àti wolé-wolé ni ó ń gun Raleigh. Bí a bá ti gbọ́ aago rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó sáré jáde lọ kí i. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára kẹ̀kẹ́ láti ìgbà náà. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí padà. Ohun kan náà ni ó ṣe èdè wa.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà èdè tí òun fọwọ́ sí ní 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí á máa lò báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo ń so kẹ̀kẹ́ mi mọ́ òpó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi kan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní inú òun dùn sí i. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kí ni Yorùbá fẹ́ fi kọ́ ọmọ nípa ẹ̀rọ? Ẹ ò ní ọ̀rọ̀." N kò tí ì dáhùn tí ó fi gbé gíláàsì náà padà sókè, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń jáde. Ìdáhùn mi nìyí. Ó gùn ju ohun tí a lè sọ gba ojú gíláàsì lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó ti gíláàsì kì í gbọ́ ni ìkíni. Ìyá kan wà tí ó ń dín àkàrà ní ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí mi, ó ní, "Ẹ kú ìgòkè o, bàbá." Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀." Ọjọ́ tí òjò pa mí, "Ẹ kú àfaradà" ni. Ọjọ́ kan wà tí túùbù mi jò, tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni ń ti ewúrẹ́ tí kò fẹ́ rìn. Mo retí "ẹ pẹ̀lẹ́" lásán. Ó wò mí, ó dá ọwọ́ dúró lórí epo gbígbóná, ó ní, "Ẹ kú ìtikẹ̀kẹ́ o."

N kò gbọ́ ọ rí. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá yìí mú ọ̀rọ̀-ìṣe "tì", ó fún un ní àbọ̀, ó fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí i, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì gbé e lé ẹ̀yìn "kú", gbogbo rẹ̀ kí àkàrà tó pọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ gírámà, ẹ tún wo ohùn rẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí "tì" di ohùn àárín níwájú àbọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, láìsí ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa ṣe àtúnṣe. Èyí ni èdè tí wọ́n ní kò lè dá ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí orúkọ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà méjì yìí dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e lórí. Àwọn Ìgbò wò ó, wọ́n pè é ní anyịnya igwe, ẹṣin irin. Àwọn Ewe ní Tógò àti Gánà pè é ní gasɔ: irin ni ga, ẹṣin ni sɔ. Kutweefo ni àwọn Mossi ti Burkina Faso ń pè é, nɛgɛso ni àwọn Bambara ti Málì ń pè é. Ẹ bá túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹṣin irin náà ni. Èdè mẹ́rin nìyí tí ẹni tí ń sọ ọ̀kan kò gbọ́ èkejì, wọ́n sì bá ara wọn pàdé sí orí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n fi ojú wo nǹkan náà, wọ́n rí i pé a ń jókòó lé e, pé ó ń gbéni lọ, pé kì í jẹ koríko, ó parí.

Yorùbá kò pè é ní ẹṣin. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ fún ohun tí ń yí. Kẹ̀kẹ́ ni a ń pe kẹ̀kẹ́ òwú, kẹ̀kẹ́ sì ni ohun tí ẹṣin ń fà nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ọ̀rọ̀ náà ni ó na ọwọ́ gba àlejò yìí, wọ́n sì so ológeere mọ́ ọn nítorí bí ó ṣe ń yí geere. Àwọn Fon ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní kɛkɛ. Keke ni Hausa ń pè é, ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá, keken ɗinki ni lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì dé, etí ni Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù. Nígbà tí ó di ohun tí a fi ń gbé èrò, àwọn ará ìlú fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n pè é ní ọ̀kadà. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé sí Èkó ní àkókò tí Buba Marwa ń ṣe gómìnà ológun níbẹ̀, láàrin 1996 àti 1999, wọ́n sọ ọ́ ní Márúwá. Ọ̀kan láti ojú, ọ̀kan láti etí, ọ̀kan láti inú ẹ̀fẹ̀, ọ̀kan láti inú òṣèlú. Ta ni ó sọ pé ọ̀rọ̀ kò sí?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹṣin sọnù mọ́ Yorùbá lọ́wọ́. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó fara pamọ́ sí. A kì í wọ kẹ̀kẹ́ bí a ti ń wọ ọkọ̀. A ń gùn ún ni, bí a ti ń gun ẹṣin. Èrò ń gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ó ń wọ Márúwá, nítorí inú ti ìkẹyìn yìí ni a ń jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn aládùúgbò wa kó sínú ọ̀rọ̀-orúkọ, àwa kó o sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, agbèrò tí kò ka ìwé mẹ́fà kì í sì í ṣì í sọ. Gùn yìí kan náà ni a fi ń gun òkè, òun ni a fi ń gun igi, òun sì ni òrìṣà fi ń gun elégùn. Ní ọjọ́ kan tí ṣéènì já ní agbedeméjì òkè, tí mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ọmọ ilé-ìwé kan bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló ń gun ta báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n bá sọ fún un pé ìbéèrè gírámà gidi ni ó bèèrè.

Ọkùnrin tí ó so ṣéènì náà wà ní Sáńgo, lábẹ́ agboòrùn kan tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ibi tí kò yẹ ni àwa onímọ̀ èdè ti ń wá ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, táyà, túùbù, ṣéènì, rímù, sípókù, bíréèkì àti pọ́ǹpù ni ó kún ẹnu rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ì bá ti pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀." Kí ó jọ̀wọ́ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Túùbù lè jò, ó lè lu, ó lè ya, ó lè bẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ohun kan náà, owó tí a ó san lórí wọn kò sì dọ́gba. Ṣéènì lè já, ó lè yọ, ó lè dẹ̀, ó lè há. Rímù a máa wọ́. Nígbà tí tèmi wọ́, ó dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ó yí táyà, ó gbé ìka sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rímù, ó sì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́ pé: "Ó ń sá lọ sápá ọ̀tún. Dẹ ti ọ̀tún díẹ̀, kí o fún ti òsì. Má fún un jù, yóò fà á kọjá ibi tí a ń lọ."

Mo ní kí ẹ̀yin òǹkàwé tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹ̀kọ́ ni, lórí ipá méjì tí ń fa ohun kan sí ọ̀nà méjì, lórí bí a ṣe ń mú wọn dọ́gba, àti lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá borí. Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, pọ́ǹpù gbóná mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé. Bàbá ní, "Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ni. Ó ń bínú." Onímọ̀ físíìsì yóò fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ni ọkùnrin náà tọ́ka sí.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ àyálò ni táyà àti ṣéènì, ẹ̀rí kí ni ìyẹn jẹ́? "Bicycle" tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ọ̀dọ̀ Faransé ni ó ti yá a. Látìnì ni orí rẹ̀, Gíríìkì ni ìdí rẹ̀. "Chain" náà, Faransé àtijọ́ ni. "Pedal" náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù dìde láti sọ pé nítorí èyí kí á dẹ́kun fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí àwọn bá yá ọ̀rọ̀, ọrọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwa bá yá a, òṣì ni.

N kò bú iṣẹ́ èdè-ìperí. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àwọn ọdún 1980, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀, ni ó fún wa ní ẹnu tí a fi ń kọ́ni nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Láìsí wọn, n kò ní lè kọ ìdajì àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n èmi náà ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ àrùn tí ó ń ṣe wá. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ń lépa láti àárọ̀ di alẹ́. Mo dábàá orúkọ kan fún jíà nígbà kan, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé bèèrè bóyá gbólóhùn ni. A gbà á wọlé. N kò tí ì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà, n kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó dábàá nínú gbogbo ìjókòó wa pé kí á lọ jókòó lábẹ́ agboòrùn ẹni tí ó ń tún jíà ṣe.

Ní Ouagadougou ni mo ti rí àrùn yìí kedere jù. Ìpàdé kan gbé wa lọ síbẹ̀ lórí èdè Áfíríkà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀sì tí afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀ ni ó ń kó wa láti hòtẹ́ẹ̀lì lọ sí gbọ̀ngàn. Ìlú kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ni Ouagadougou: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá kan níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà fún ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà méjì, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìyálọ́jà sì jọ ń gun ohun tí wọ́n ní láìsí ẹni tí ń wo ẹnikẹ́ni ní ìwò tálákà. Orílẹ̀-èdè náà ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tour du Faso láti ọdún 1987. Àìmọye kutweefo ń kọjá lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, àwa tí a wà nínú rẹ̀ sì ń jiyàn, ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, bóyá èdè Áfíríkà lè dá ọ̀rọ̀ fún ohun tuntun. Ní ọjọ́ kẹta, mo yá kẹ̀kẹ́, mo fi ìjókòó àárọ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sí àwọn tí kò wá.

Àwọn tí ó fagi lé ìlànà 2022 ní àwọn agbègbè tí ó ti lo èdè abínibí jù ni ìfìdírẹmi ti pọ̀ jù nínú ìdánwò àṣejáde. Ọmọ tí ó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde gírámà ní 2025 ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjìlá ṣáájú, nígbà tí ìlànà náà kò tí ì sí. Kí ni ìlànà tí a kò tí ì bí fi ṣe é? Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ lọ sí ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Bàbátúndé Fáfúnwá ṣáájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. A ń kọ́ ọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, wọ́n ń fi í gba máàkì, ó tán.

Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìwé kẹfà, ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró kí wọ́n bá mi fi gíríìsì sí àárín táyà ẹ̀yìn. Ọmọ ni ó tú u. Ó yọ irin àárín, ó nù ún, ó ka àwọn ọta irin kéékèèké sínú ọmọrí ìgò kí wọ́n má baà yí lọ, ó fi gíríìsì sí i, ó dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìka ta táyà, ó yí geere, kò dún. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó gbé ìwé jáde, nítorí ìdánwò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni ń ké ewì: "Wheel and axle is a simple machine." Ó kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Mo ní, "Kí ni axle?"

Ó gbójú sókè. Ó tún gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀, ó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó dúró. "Tíṣà wa ò tíì dé ibẹ̀, sà."

Irin àárín kan tí ó ti wọ́ wà nínú páànù tí bàbá rẹ̀ ń da ohun tí kò wúlò mọ́ sí. Mo mú un, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wo ìwé, ó tún wò ó.

"Ṣé òun náà nìyí?" Ó yíjú sí ẹ̀yìn. "Bàbá mi, irin àárín ni wọ́n mà ń sọ!"

Bàbá rẹ̀ ń fún nọ́ọ̀tì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Kí ni wọ́n wá ń pè é níbẹ̀?"